Àpótí Ìwé Ìdílé Paston: Ilẹ̀ Bọ́, Oyè Parun, Ìwé Kù

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1466, opó kan ní ẹkùn Norfolk, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwé ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Margaret Paston ni orúkọ rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí oṣù márùn-ún tí ọkọ rẹ̀ kú. Ilé wà lọ́wọ́ wọn, oko wà, ẹran ọ̀sìn wà. Síbẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀nyí ni ìyá náà tẹnu mọ́ jù. Ìwé ni. Ó rán ọmọ rẹ̀ létí pé nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, àwọn ìwé àti ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju gbogbo dúkìá tó ṣeé gbé láti ibì kan dé ibòmíràn lọ. Ó ní kí ó ṣọ́ wọn gidigidi, nítorí pé bí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí irú wọn mọ́ láéláé.

Ìkìlọ̀ yìí kò sọnù. Ìwé tí a kọ ọ́ sí ṣì wà títí di òní, pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn tó tó ẹgbẹ̀rún kan tí ìdílé Paston kọ tàbí tí wọ́n gbà láàárín nǹkan bí ọdún 1420 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500. Ilẹ̀ tí Margaret jà fún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tipẹ́tipẹ́. Oyè ńlá tí àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ wá jẹ ti parun. Àpótí ìwé ló kù. Ohun tí àpótí náà sọ nípa ìdílé ọ̀hún sì yàtọ̀ gédégédé sí ohun tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́ kí ayé gbọ́.

Àgbẹ̀ tó yá owó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé

Paston ni orúkọ abúlé kan tó wà nítòsí òkun ní Norfolk. Láti inú rẹ̀ ni ìdílé náà ti mú orúkọ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí a mọ ìgbésí ayé rẹ̀ dáadáa ni Clement Paston, ẹni tó kú ní ọdún 1419. Ọ̀tá ló sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, nítorí ẹnì kan tí kò fẹ́ràn ìdílé náà kọ àkọsílẹ̀ kan láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ náà ti wí, àgbẹ̀ lásán ni Clement. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju éékà 100 sí 120 lọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe tirẹ̀ láìsí olúwa lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹṣin tí kò ní gàárì ló ń gùn lọ sí ibi ọlọ, tí ọkà rẹ̀ á sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ ta ọkà bí àgbẹ̀ yòókù.

Ọ̀rọ̀ tó burú jù nínú àkọsílẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n sọ nípa Beatrice, aya Clement. Wọ́n ní ọmọ àwọn tí a dè mọ́ ilẹ̀ ni. Láyé ìgbà náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kì í ṣe ẹrú tí a ń tà lọ́jà, síbẹ̀ tí wọn kì í ṣe ẹni òmìnira. Wọn kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ olúwa wọn sílẹ̀ láìgba àṣẹ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un láìgba owó, ipò náà a sì máa ti ara òbí ran ọmọ. Ẹni tí a bá lè fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló ti wá, olúwa rẹ̀ lè gba ilẹ̀ tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà.

Ṣùgbọ́n Clement jẹ́ ẹni tó ń wo iwájú. Ó yá owó láti fi rán William, ọmọ rẹ̀, lọ sí ilé-ìwé. Geoffrey Somerton, arákùnrin Beatrice, tó jẹ́ amòfin, sì ràn án lọ́wọ́ títí ọmọ náà fi kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. William kò já wọn kulẹ̀. Ó di amòfin pàtàkì, nígbà tó sì di ọdún 1429, ó di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ọba. Ó fẹ́ Agnes, ọmọ Sir Edmund Berry, ní ọdún 1420. Owó tó ń rí nídìí iṣẹ́ òfin ló fi ń ra ilẹ̀: ó ra kún ti Paston, ó ra ti Gresham, ó sì ra ti Oxnead. Nígbà tí ó fi máa kú ní ọdún 1444, ọmọ àgbẹ̀ ti di onílẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá àtayébáyé ń wò tìlara-tìlara. Ènìyàn bí aparò layé ń fẹ́. William mọ èyí kí ó tó kú. Agnes, opó rẹ̀, kọ̀wé sí Edmund, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, ní ọdún 1445 pé kí ó tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ òfin, nítorí bàbá rẹ̀ kì í yé sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ní Paston gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gbèjà ara ẹni.

Ọkọ ní Lọ́ńdọ̀nù, aya nílé

John, àkọ́bí William, ló jogún ilẹ̀ náà, ó sì jogún ẹjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1440 ni ó fẹ́ Margaret Mautby, ọmọbìnrin tó jogún ilẹ̀ bàbá tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbéyàwó tí àwọn òbí tò ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni John ń gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ọba wà. Margaret ló wà nílé. Òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, òun ló ń ta ọkà, òun ló ń tọ́ ọmọ, òun ló sì ń fi etí sí ohun tí àwọn ọ̀tá ń wí ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ọkọ àti aya bá jọ ń gbé nínú ilé kan, kí ni wọn ìbá máa kọ̀wé sí ara wọn fún? Ìjìnnà ló bí àwọn ìwé Paston. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ará ilé, kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

Kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà. Wọn a ká ìwé náà kékeré, wọn a fi òwú so ó, wọn a fi ìda lẹ̀ ẹ́, wọn a sì fi lé ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí arìnrìn-àjò tí wọ́n fọkàn tán lọ́wọ́. Ìwé Margaret tó kù lé ní 100, kò sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń pe ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń kọ ọ́: nígbà mìíràn akọ̀wé, nígbà mìíràn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń ka ìwé wọ̀nyí, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ilé rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ ogun. Ní oṣù Kejì ọdún 1448, ọlọ́lá kan tí a ń pè ní Lord Moleyns rán àwọn ènìyàn rẹ̀ láti gba Gresham, ó ní ilẹ̀ ìran òun ni. John mú ìwé rírà jáde, ṣùgbọ́n Moleyns kò ka ìwé sí. Nínú ọdún yẹn ni Margaret kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó lókìkí jù nínú àpótí náà. Ó ní kí ọkọ òun fi akatanpó ránṣẹ́, nítorí àwọn yàrá ilé náà rẹlẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò lè ta ọfà láti inú wọn. Ó tún béèrè àáké ogun. Nínú ìwé kan náà, ó ní kí ó ra èso álímọ́ńdì àti ṣúgà, kí ó sì ra aṣọ tí òun yóò fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ. Ogun wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ wọṣọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1450, nígbà tí John kò sí nílé, àwọn ènìyàn Moleyns tún dé. Nínú ìwé ẹ̀sùn tí John kọ sí ọba lẹ́yìn náà, ó ní wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì di ìhámọ́ra ogun. Wọ́n gbẹ́ ìdí ògiri yàrá tí Margaret wà, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì kó gbogbo ẹrù tó wà nínú ilé. John kò gba Gresham padà títí tí àkókò díẹ̀ fi kọjá. Ohun tí wọ́n fi gbà á padà ni ìwé, sùúrù, àti ìyípadà ìṣèlú tó sọ alátìlẹ́yìn ọ̀tá di aláìlágbára.

Ogún tó di wàhálà

Àwọn Yorùbá a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn ayé John Paston fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn. Jagunjagun olówó kan wà ní Norfolk, Sir John Fastolf, tó kó ọrọ̀ púpọ̀ jọ nínú ogun ilẹ̀ Faransé. Ó kọ́ ilé olódi kan sí Caister, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́, yàrà sì yí i ká. Kò ní ọmọ. John Paston ni amòfin rẹ̀, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìgbà ogbó rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1459, Fastolf kú. John wá sọ pé ní ọjọ́ méjì kí ó tó kú, ó fi ẹnu ara rẹ̀ pín ogún rẹ̀: gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Norfolk àti Suffolk di ti John, bí ó bá lè dá ilé àlùfáà méje sílẹ̀ ní Caister, kí ó sì san iye owó kan.

Àwọn yòókù tí Fastolf yàn láti mú ìwé ìhágún rẹ̀ ṣẹ fárígá. Wọ́n ní ìhágún àfẹnusọ tó yí gbogbo ti àtẹ̀yìnwá padà, tó sì sọ amòfin olóògbé di ajogún rẹ̀, kò ṣeé gbà gbọ́. Àríyànjiyàn yìí ò tí ì tán láàárín àwọn òpìtàn títí di òní. Láti ọdún 1461 sí 1465, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti John mọ́ ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1465, nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n, àwọn ọmọ ogun Duke ti Suffolk wó ilé rẹ̀ ní Hellesdon palẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ pẹ̀lú. Margaret lọ wo ibẹ̀, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

John kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún ọdún 1466. Ẹni ọdún 44 péré ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín ní ilé àwọn àlùfáà tó wà ní Bromholm, nítòsí Paston. Ìwé ìnáwó ìsìnkú náà wà nínú àpótí: iye màlúù, iye ọtí, iye àbẹ́là, títí kan owó tí wọ́n san fún oníṣẹ́ gíláàsì tó yọ gíláàsì méjì kúrò lójú fèrèsé kí èéfín ògùṣọ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ìnáwó náà ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó dà bí ẹni pé ọlọ́lá àtayébáyé ni wọ́n ń sin. Síbẹ̀, ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò tí ì kọ́ ibojì lé e lórí, Margaret sì ń bá wọn wí nítorí ìtìjú náà.

Ìtàn ìran tí ọba fọwọ́ sí

Ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ nípa Beatrice tún jí. Àwọn ọ̀tá ní àwọn Paston kì í ṣe ọmọ òmìnira, pé nítorí náà wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ọlọ́lá. Bí wọ́n bá jẹ̀bi nínú èyí, gbogbo ìwé rírà ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn di ìwé lásán. Nítorí náà, ìdílé náà gbé ìwé mìíràn jáde, èyí tó jẹ́ ìtàn ìran wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ará Normandy ti gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066 ni ìran àwọn ti wà ní ipò ọlọ́lá, pé baba ńlá àwọn ti ilẹ̀ Faransé wá, àti pé àwọn gan-an ni wọ́n ní àwọn ènìyàn tí a dè mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1466, Ọba Edward Kẹrin kéde pé òun ti wo ẹ̀rí wọn, pé ìran àwọn Paston mọ́, pé ọlọ́lá ni wọ́n.

Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àrọ́bá tí ìdílé kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ní ọjọ́ tí ẹjọ́ le koko, irú rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn òpìtàn òde òní kò gbà pé ìtàn baba ńlá tó ti ilẹ̀ Faransé wá jẹ́ òótọ́. Ohun tó dájú ni pé láàárín ìran méjì, ẹ̀kọ́ òfin àti ìgbéyàwó tó mú ilẹ̀ wá sọ ìdílé àgbẹ̀ di ìdílé ọlọ́lá. Ní ojú ẹni òde òní, ìtàn àgbẹ̀ tó yá owó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé níyì ju ti baba ńlá tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ. Ní ọdún 1466, ìtìjú ni, ó sì lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Odi tó wó, ilẹ̀kùn tí a tì

Margaret àti John bí ọmọkùnrin méjì tí wọ́n sọ ní John. Ẹ̀gbọ́n ni Sir John, tó fẹ́ràn ààfin ọba àti afẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ló dúró nílé. Ní ọdún 1468, Duke ti Norfolk ra ẹ̀tọ́ sí Caister lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ìdílé náà ṣe ẹjọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1469, ó kó nǹkan bí 3,000 ènìyàn wá, ó sì dó ti ilé náà. John àbúrò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò ju nǹkan bí 30 lọ. Ìyá kọ̀wé sí àkọ́bí ní Lọ́ńdọ̀nù pé àbúrò rẹ̀ wà nínú ewu, pé ẹ̀tù ìbọn àti ọfà ti ń tán, pé ìbọn àgbá ti ba ilé náà jẹ́. Sir John dáhùn pé òun ń wá ọ̀nà àdéhùn. Kí àdéhùn tó dé, ilé ti bọ́. John àbúrò jáde láàyè ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ẹmẹ̀wà wọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, John Daubeney, kú síbẹ̀.

Nínú ọdún yẹn kan náà ni wàhálà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Margery, ọmọbìnrin Margaret, bá Richard Calle ṣe ìlérí ìgbéyàwó níkọ̀kọ̀. Calle ni alábòójútó ilẹ̀ wọn, ọmọ alájàpá ni, òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ọba pé ọlọ́lá ni wọ́n kò lè fara da irú àna bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bíṣọ́ọ̀bù Norwich. Margery dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní bí àwọn ọ̀rọ̀ tí òun sọ kò bá tíì fìdí ìgbéyàwó múlẹ̀, òun yóò tún un sọ kí ó lè fìdí múlẹ̀ kí òun tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, Margaret ti pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló wá ibùsùn fún un.

Ṣùgbọ́n ìdílé náà kò lè rí ẹlòmíràn tó mọ ìṣirò ilẹ̀ wọn bíi Calle, nítorí náà ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Margaret fi máa ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ ní ọdún 1482, ó fi 20 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ọmọ tí Margery bí fún Calle. Nínú ìwé ìhágún yẹn kan náà, ó ní kí wọ́n sin òun sí ṣọ́ọ̀ṣì Mautby, láàárín àwọn baba ńlá tòun, kí wọ́n sì fi àmì ìdílé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta ibojì òun. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ilẹ̀ ọkọ padà sí ilé bàbá rẹ̀ láti sinmi. Ó kú ní ọdún 1484.

Ìwé tó ń rìn kiri

Nígbà tí Duke ti Norfolk kú lójijì ní oṣù Kìíní ọdún 1476, Caister padà sọ́wọ́ àwọn Paston. Sir John kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1479, kò gbé ìyàwó. Àbúrò rẹ̀ ló jogún ohun gbogbo. Aya tirẹ̀, Margery Brews, ti kọ̀wé ìfẹ́ sí i ní oṣù Kejì ọdún 1477, kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, ó sì pè é ní olólùfẹ́ àyànfẹ́ rẹ̀ ti ọjọ́ Valentine. A kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú rẹ̀.

Láti ìran John yìí ni ìdílé náà ti ń gòkè. Ọ̀kan nínú àtọmọdọ́mọ wọn dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní North Walsham ní ọdún 1606. Ibẹ̀ ni Nelson, ọ̀gágun ojú omi, ti kàwé nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1679, Robert Paston di Earl ti Yarmouth. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ ilé náà. William, ọmọ Robert, tí í ṣe Earl kejì, rí ikú gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀. Nígbà tí òun náà kú ní ọdún 1732, oyè náà parun. Oxnead, ilé ńlá wọn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí ni ti àpótí ìwé? Earl tó jẹ gbèsè ti tà lára ìwé náà kí ó tó kú. Ní ọdún 1735, àlùfáà kan tó ń kọ ìtàn Norfolk, Francis Blomefield, wọ yàrá ìwé ní Oxnead, ó sì rí ìwé tó kún àpò mélòó kan tí a dà sílẹ̀. Ó kó wọn jọ sí igun yàrá, ó sì rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n má sọ wọ́n nù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, títí wọ́n fi dé ọwọ́ John Fenn. Fenn tẹ ìwé méjì jáde ní ọdún 1787, wọ́n sì tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún Ọba George Kẹta ní ojúlówó ìwé wọ̀nyẹn. Ọba fi oyè Sir dá a lọ́lá, ìwé náà sì sọnù. Nígbà tó di ọdún 1865, ọ̀mọ̀wé kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò dájú pé òótọ́ ni ìwé Paston. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún rí lára ojúlówó ìwé tí Fenn lò. Ní ọdún 1889 ni wọ́n rí àwọn tí ọba gbà, nínú ilé ńlá kan ní Suffolk. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí.

Ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí Margaret ń ṣọ́ bí ẹyin ojú kò gba éékà kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìtàn ìran tí ọba fi ọlá rẹ̀ tì lẹ́yìn, àwọn òpìtàn ti gbé e sápá kan. Èyí tí gbogbo ayé gbà gbọ́ ni àwọn ìwé tí wọ́n kọ láìronú pé àjèjì yóò kà wọ́n: ìwé akatanpó àti ṣúgà, ìwé ìbáwí nítorí ibojì bàbá, ìwé ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú odi.

Ọ̀kan wà láàárín wọn tí Richard Calle kọ sí Margery ní ọdún 1469, nígbà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, kí ó sun ún nínú iná bí ó bá ti kà á tán. Ẹnì kan kò sun ún. Ó ti lé ní ọdún 550 báyìí, a sì ń kà á.